Irin Ọrùn, Irin Ilẹ̀

Ajah,
8 Oṣù Kẹta, 2025.

"Dàbírà! Olúwadábírà! Gbé e kúrò lọ́rùn! Mo ní kí o gbé e kúrò lọ́rùn! Wòlíì ríran, wọ́n ní ẹrù wà lọ́rùn ẹ, ìwọ náà tún fẹsẹ̀ ara ẹ rìn wá ru irin! Ṣé kí ilé ọmọ ẹ já bọ́ síbí kí ìyá ẹ wá ní èmi ni mo jẹ ẹ́? Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ojú ò tiẹ̀ tì yín, ẹ dúró, ẹ ń wo ìdí ọmọ ọlọ́mọ!"

Mọ́mì, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Ẹ má bínú pé mi ò tíì kí yín. Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn arúgbó. Mo kúnlẹ̀ lọ́kàn, torí orí búlọ́ọ̀kù ni mo jókòó sí lẹ́yìn jíìmù tí mo ti ń kọ èyí.

Àǹtí Jọkẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ fi mí sílé wọn. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti wá tààrà, tàwọn ti sùtánà funfun, láìwọ bàtà, wọ́n gun àtẹ̀gùn jíìmù. Gbogbo àwọn tó ń sáré lórí ẹ̀rọ dúró. Ọkùnrin kan tó ń ti Lẹ́kkí Phase 1 wá yọ nǹkan etí ẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Kóòṣì Sànúsí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú gbogbo àyà gbẹ̀ǹgbẹ̀ yẹn, Àǹtí ní, "Má kí mi! Dìde, lọ yọ irin lọ́rùn ọmọ mi!"

Nígbà tí wọ́n pè mí, mo ti wà nísàlẹ̀. Squat nìyẹn. Irin á wà lẹ́yìn ọrùn ẹ, lórí èjìká, o máa lóṣòó pẹ̀lú ẹ̀, o máa wá dìde. Èémí tí o bá fà sínú kó o tó lóṣòó, o gbọ́dọ̀ dì í mọ́nú, òun ló ń mú kí ikùn ẹ le. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n pè. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, wọn kì í pe ọmọ kó dákẹ́. Mọ́mì, mo dáhùn "Mà" lábẹ́ ọgọ́rin kílò.

Èémí jáde, ó tán. Irin tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, mi ò lè lọ sókè, mi ò lè lọ sísàlẹ̀. Kóòṣì ti máa ń sọ ọ́ pé tí ẹrù bá borí ẹ, má bá a jà, jókòó, irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á gbà á. Mo jókòó. Wọ́n gbà á. Mo rá jáde lábẹ́ ẹ̀ bí alákàn, gbogbo èèyàn ń wò mí.

Àmì tó wà lẹ́yìn ọrùn mi ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Sunday wòlíì ní òun rí obìnrin kan, ẹrù wà lọ́rùn ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ̀ ọ́. Wọn ò dárúkọ. Ọjọ́ Tuesday Àǹtí ń di irun mi, wọ́n rí ibi pupa lẹ́yìn ọrùn mi. Wọ́n ju òòyà sílẹ̀, wọ́n ké "Jésù!" Irin ló fi síbẹ̀, Mọ́mì. Ibi tó ń jókòó sí ni. Kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀.

Àǹtí ti gba fóònù mi. Tí ẹ bá pè, orí sípíkà ni wọ́n máa ń fi yín sí, mi ò lè sọ̀rọ̀. Bàṣírát tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà jíìmù ló máa ya fọ́tò ìwé yìí sí yín lórí WhatsApp. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọ́ síwèé kí ẹ ya á. Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́, gbogbo jíìmù á gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa yan àwọn ọmọ tó máa gbé irin fún Èkó. Ẹni tí wọ́n bá mú, inú ibùdó ló máa gbé, wọ́n á sì dá a padà sílé ìwé. Irin mẹ́ta ni wọ́n ń gbé: squat, èyí tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ tì sókè, àti deadlift. Tí o ò bá ní squat, o ò ní èsì, bó o fẹ́ o gbé odindi ilé nílẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Àǹtí.

Àti físà mi, ó dé ibo? Mo ti kúrò ní SS2 torí ẹ̀. Àǹtí ní kí n máa bá wọn wo àwọn ìbejì fún ìgbà díẹ̀ kí físà tó jáde. Ìgbà díẹ̀ yẹn ti pẹ́ o.

Ọmọ yín,
Dàbírà.


Leeds,
16 Oṣù Kẹta, 2025.

Dàbírà Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Mo rí fọ́tò ìwé rẹ. Ṣé ẹsẹ̀ lo fi kọ ọ́ ni? Ó dáa, ara ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé bàbá wọn ṣì ń jí lọ sí pọ́ọ̀tù ní Ìbẹ̀jú kí ilẹ̀ tó mọ́? Bá mi kí wọn, ṣùgbọ́n má sọ pé mo kọ̀wé.

Ta ló rán ọ níṣẹ́ irin? Ìgbà tí o ní o ń ṣiṣẹ́ ní jíìmù, o ní ilẹ̀ lò ń gbá. Ìgbálẹ̀ ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ irin. Ọgọ́rin kílò! Èmi tí mo bí ọ ò tó ọgọ́rin kílò. Ìyẹn ni pé ìyá rẹ lo gbé kọ́rùn tí o fi ń lóṣòó kiri. Ohun tí àwọn ìyá wa sọ ni pé obìnrin tó bá ń gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, ilé ọmọ rẹ̀ á sọ̀. Má wí fún mi pé Kóòṣì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé Kóòṣì ló máa bá ọ rojọ́ lọ́dọ̀ ọkọ?

Mi ò ní bẹ Àǹtí rẹ lórí èyí. Ilé wọn lo wà, Dàbírà. Wọ́n gbà ọ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà ọ́. Fi irin ọrùn yẹn sílẹ̀.

Èyí tí o dárúkọ kẹ́yìn yẹn, deadlift, ṣé òun ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ gbé nílẹ̀? Mo kàn ń béèrè ni o. Tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ gbé nǹkan, ibo ni wọ́n ní kí agbára ti wá? Tí ohun tó ń gbé bá wá mira ńkọ́? Tí ẹ̀yìn èèyàn bá sì dún "kó", kí ni Kóòṣì máa ń ní kó ṣe?

Mo ń sáré lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá rẹ.


Ajah,
24 Oṣù Kẹta, 2025.

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Físà ni mo béèrè, irin lẹ béèrè padà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ irin.

Deadlift, irin wà nílẹ̀, ìwọ lo lọ bá a. O ò gbọdọ̀ jìnnà sí i, ojúgun ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, òun ló bó ojúgun mi tí ẹ rí nínú fọ́tò ọjọ́sí tí ẹ ní ṣé ọ̀kadà ló gbá mi. O máa ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni tó kó nǹkan dání tó fẹ́ fìdí ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ le, kó má ká bíi ti ológbò. O wá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Kóòṣì ní ẹ̀yìn kọ́ ló ń gbé e, ìdí àti ẹ̀yìn itan ló ń gbé e, ẹ̀yìn kàn ń dúró gbọn-in ni. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn fà á, ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa san án. Mi ò kì í wọ bàtà tí mo bá ń ṣe é. Bàṣírát ní mo ti di ọmọ ìjọ pátápátá, ẹsẹ̀ lásán nínú sùtánà, ẹsẹ̀ lásán nínú jíìmù.

Squat le jù ú lọ, lójú tèmi. Ó ń jẹ iwájú itan, lọ́jọ́ kejì mi ò ní lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀gbẹ́ ni màá fi máa sọ̀ bí ìyá arúgbó. Deadlift ní tiẹ̀ ń jẹ ẹ̀yìn àti ọwọ́, ó ń rẹ gbogbo ara bí ìgbà tí ibà ń bọ̀. Mo lè gbé ọgọ́fà kílò nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọgọ́rin ṣì ń bá mi jà lọ́rùn. Torí tí ti ilẹ̀ ò bá dìde, kò dìde náà nìyẹn, o fi sílẹ̀, o lọ mu omi. Ti ọrùn, o ti bá a sọ̀ kalẹ̀ tán kó o tó mọ̀ bóyá o lè bá a gòkè. Àwọn obìnrin tó ń ti Lẹ́kkí wá máa ń bi Kóòṣì pé èwo ló dáa jù, kí àwọn mú ọ̀kan. Á ní, "Màdáàmù, nínú ẹsẹ̀ yín méjèèjì, èwo lẹ fẹ́ ká gé?"

Ohun tó ń mira, mi ò mọ̀ ọ́n. Irin kì í mira. Mo bi Kóòṣì, ó ní kí èèyàn fà á mọ́ra, kó sì má dá gbé e. Tí ẹ̀yìn bá dún, kó sinmi, kó lọ rí dókítà. Ẹ̀yìn ta ló dún?

Àǹtí mú mi lọ bá wòlíì. Mo kúnlẹ̀. Wòlíì ní, "Ṣé ọrùn lò ń gbé e sí?" Mo ní, "Ọ̀kan ń gbé ọrùn, sà. Ọ̀kan ń gbé ọwọ́." Wọ́n ronú, wọ́n ronú. Wọ́n ní, "Ti ọwọ́ yẹn, ẹ̀mí ò bá mi sọ nǹkan kan nípa ẹ̀." Àǹtí fò dìde, "Bàbá, irin ni irin!" Wòlíì ní, "Ẹ̀yin ìyá, ọrùn ni mo rí." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá àwọn ìyá ìjọ yí mi ká, gbogbo wọn funfun, kò síbi tí mo lè gbà jáde, wọ́n ní kí n jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú àbẹ́là pé irin ò ní dé ọrùn mi mọ́. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹ̀rín yẹn ò wá mọ́.

Ẹ rántí Ẹ̀pẹ́? Tí ẹ bá ń ti etí omi bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹja, láti ẹnu ọ̀nà lẹ ti máa ń ké, "Ẹ sọ̀ mí o! Ẹ sọ̀ mí o!" Mi ò ga tó, mo máa ń gun odó tí a dojú ẹ̀ délẹ̀ kí ọwọ́ mi lè tó agbọ̀n. Ìgbà yẹn, tí ẹ bá pè, mo wà níbẹ̀. Èmi náà ti ń pè yín láti ọdún tó kọjá.

Físà mi ńkọ́?

Dàbírà.


Ajah,
13 Oṣù Kẹrin, 2025.

Mọ́mì,

Ẹ ò fèsì. Bàṣírát fi hàn mí lórí WhatsApp, àmì ẹ̀ ti di búlúù, ẹ ti kà á.

Lánàá ẹ pe Àǹtí. Mo gbọ́ ẹ̀rín yín lórí sípíkà. Ẹ ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ẹ ní òtútù ti ń dín kù. Àǹtí ní, "Bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀," wọ́n gbé fóònù sí mi lẹ́nu, wọn ò fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní, "Ṣé dáadáa lo wà?" Mo ní, "Dáadáa ni, mà." Àwa méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni.

Mo ṣì ń ṣe deadlift. Àǹtí rò pé ilẹ̀ ni mo ń gbá. Kóòṣì máa ń to irin squat sílẹ̀ láràárọ̀, á wò mí, á tún tú u.

Tí ẹ ò bá fẹ́ mú mi wá, ẹ wí.

Dàbírà.


Leeds,
4 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Dàbírà,

Mo kọ ọ́, mo fà á ya, mo tún kọ ọ́. Fara balẹ̀ kà á, má kà á níbi tí èèyàn wà.

Ẹ̀yìn mi ló dún. Láti oṣù Kejì ni. Bàbá Victor, òyìnbó arúgbó tí mo ń tọ́jú, yọ̀ bọ́ láti orí àga. Èèyàn méjì ló yẹ kó gbé e, èmi nìkan ni ilé iṣẹ́ rán síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti tọ̀ sára, ó ń sunkún, ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ṣé kí n dúró máa wò ó? Mo bẹ̀rẹ̀, mo ká ẹ̀yìn bíi ológbò tí o wí, mo fà á. Ó mira. Mo gbọ́ "kó". Nílẹ̀ ibẹ̀ ni àwa méjèèjì wà kí wọ́n tó wá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń bẹ̀ mí. Mo fẹ́ ké "Ẹ sọ̀ mí o." Ta ni mo fẹ́ ké e sí?

Mi ò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ yẹn ló dúró fún ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí. Tí wọ́n bá yọwọ́, mo gbọ́dọ̀ tètè rí ẹlòmíràn tó máa gbà mí. Ta ló fẹ́ gba olùtọ́jú tí kò lè bẹ̀rẹ̀? Tí mo bá sì wá sílé báyìí, pẹ̀lú gbèsè tí mo fi wá, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo èèyàn? Mo dùbúlẹ̀ sínú yàrá kan, mo ń wo àjà.

Èyí tó kù ló le jù. Òfin ìlú yìí ò gba àwa tó ń tọ́jú arúgbó láyè láti mú ọmọ wá. Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná. Mo ti mọ̀ kí n tó wọ bàálù. Mo rò pé tí mo bá dé ibẹ̀ ọ̀nà á là. O di ìró mi mú lẹ́nu géètì, o rántí, o ò fẹ́ tú u sílẹ̀, ni mo bá ní oṣù mẹ́fà. Tí mo bá sọ òótọ́ fún ọ lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá má lè lọ.

Má sọ fún Àǹtí rẹ. Ìdí tí wọ́n fi gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀ ni pé wọ́n rò pé tí o bá wá síbí, àwọn ìbejì á tẹ̀lé ọ. Tí wọ́n bá gbọ́ pé kò sí ọ̀nà, mi ò mọ ibi tí o máa sùn. Torí náà mo bẹ̀ ọ́, èmi ìyá rẹ ni mo ń bẹ̀ ọ́, gbọ́ tiwọn. Dúró síbẹ̀. Má sún mọ́ irin mọ́, ti ọrùn, ti ilẹ̀. Ẹ̀yìn kan ti bàjẹ́ nínú ilé wa, ó tó. Ṣèlérí fún mi.

Ìyá rẹ,
Fúnmilọ́lá.


Ajah,
18 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Mọ́mì,

Ẹ kú ìrora. Mo ti gbọ́. Mi ò ní sọ fún Àǹtí.

Mo ti fi irin sílẹ̀, méjèèjì. Mo ṣèlérí.

Tí ẹ bá fẹ́ dìde lórí ibùsùn, ẹ má fẹ̀yìn gbé ara yín. Ẹ ká orúnkún, kí gbogbo ara jọ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ wá fọwọ́ ti ara yín dìde. Kóòṣì ló wí bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run á wò yín sàn.

Dàbírà.


Ọjọ́ kan náà. Bàṣírát ò ní ya fọ́tò èyí.

Mọ́mì,

Mo purọ́ nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́. Èyí tí mi ò ní fi ránṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ òótọ́ sí.

Inú ń bí mi sí yín tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè jẹun. Nígbà tó bá tún yá, màá fojú inú rí yín nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá òyìnbó yẹn, inú náà á rọ̀, màá wá máa sunkún, inú á tún bí mi pé mo sunkún. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ torí físà tí kò sí níbì kankan. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń ṣe WAEC. Mo rí wọn ní Badore láàárọ̀ ọjọ́sí, wọ́n kó bírò dání, mo wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí wọ́n tó rí mi.

Ẹ mọ ohun tí Àǹtí ń fi fóònù mi ṣe? Wọ́n ń fi kóòtù òtútù han àwọn ìbejì. "Pupa yìí ni tìẹ, búlúù yìí ni tìẹ, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Fúnmi." Èmi ni mo jókòó sáàárín wọn. Wọ́n ní, "Dàbírà, tìẹ ńkọ́?" Mo mú ọ̀kan. Mo mú dúdú.

Kì í ṣe èmi ni wòlíì rí, ẹ̀yin ni. Àmì ọrùn mi ló ṣi Àǹtí lọ́nà. Èmi ni wọ́n wá ní kó jẹ́jẹ̀ẹ́.

Mo bi Kóòṣì lánàá bóyá wọ́n lè jẹ́ kí n ṣe deadlift nìkan. Ó ní, "Dàbírà, kò sí àbọ̀ èsì." Ó ní, "Kí lò ń bẹ̀rù gan-an, irin àbí ẹ̀jẹ́?" Mo ní méjèèjì. Ó ní ti ẹ̀jẹ́, Mùsùlùmí lòun, òun ò lè dá sí i. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn tí irin há ẹ mọ́lẹ̀, kí lo ṣe?"

"Mo rá jáde."

"Ta ló fà ẹ́ jáde?"

"Kò sẹ́ni kankan, sà."

Ó ní "Ẹn-ẹ́n," ó bá tirẹ̀ lọ, ó lọ ń to irin.

Ọjọ́ Saturday ni wọ́n máa yan àwọn èèyàn. Àǹtí á ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ sí ìsọjí, màá ní inú ń run mí. Mo máa lọ. Mo máa wọ abẹ́ irin ọrùn yẹn pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ lọ́rùn mi, Ọlọ́run á bi mí, èmi náà á dáhùn níwájú ẹ̀. Tí wọ́n bá mú mi, mi ò ní padà sílé Àǹtí. Mo mọ̀ pé wọ́n máa pè yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ físà á tú lọ́jọ́ yẹn, lórí sípíkà, ẹ̀yin nìkan á wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, kò síbi tí mo lè gbà jáde tí ò ní kàn yín. Ẹ̀yin náà ò ríbi gbà tí ò kàn mí.

Mi ò ní sọ fún Bàṣírát. Mi ò ní sọ fún Kóòṣì, á kàn rí mi níbẹ̀. Ìwé yìí á bá pàǹtí jíìmù lọ láàárọ̀ ọ̀la, èmi náà ni màá gbá a.

Mo ti pinnu. Tí mo bá ti fa èémí tí mo sì lóṣòó, ẹnikẹ́ni tó bá pe orúkọ mi, wòlíì ni o, Àǹtí ni o, mi ò ní dáhùn. Tó bá jẹ́ ohùn yín gan-an ni, Mọ́mì, mi ò ní dáhùn "Mà", àfi tí mo bá dìde tán.